Bí mo ṣe búra pé n kì í ṣe àlejò kí n tó ta ilé mi ní Houston

Pásípọ́ọ̀tù mi àwọ̀ ewé ni, ti Nàìjíríà. Ìwé tí mo fi ń gbé Amẹ́ríkà, green card la ń pè é. Ìgbà tí mo fẹ́ ta ilé kékeré kan tí mo fi ń gba owó ilé ní Houston ni mo tó mọ èwo nínú méjèèjì ni owó-orí ń wò.

Ìpínrọ̀ 20 wà nínú àdéhùn títa ilé tí wọ́n ń lò ní Texas. Mo fọwọ́ sí i láìkà á dáadáa. Ohun tó wí ni pé bí ẹni tó ń ta ilé bá jẹ́ àlejò lójú owó-orí, tàbí tí kò bá mú ìwé wá pé òun kì í ṣe àlejò, kí olùrà yọ nínú owó ilé kó sì fi ránṣẹ́ sí IRS, iléeṣẹ́ tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Èló? Ìdá 15 nínú 100. $240,000 la ta ilé náà, $36,000 sì ni wọn ì bá yọ. Kì í ṣe lórí èrè o! Lórí gbogbo owó ilé ni, ì báà jẹ́ pé o ṣì jẹ báńkì ní gbèsè. Ká ní olùrà fẹ́ máa gbé inú rẹ̀ ni, kò ní yọ kọ́bọ̀, nítorí owó náà kò kọjá $300,000. Ẹni tó ra tèmi fẹ́ kó ayálégbé sí i ni.

Mo pe ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń báni ṣe ìwé owó-orí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ọmọ Nàìjíríà ni mí. Ṣé kí n wá búra pé n kì í ṣe àlejò?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbúrò, ta ló bi ọ́ léèrè ibi tí wọ́n bí ọ sí? Ṣebí o ní green card? Owó ilé tó ń wọlé fún ọ n'Íbàdàn, ṣé o kì í kọ ọ́ fún IRS lọ́dọọdún ni? Bí onílé ni wọ́n ṣe ń gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ, onílé náà lo jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín: èmi tí mò ń ta ilé, mo wá ń búra pé onílé ni mí.

Wọ́n ní ọdún 1980 ni òfin náà jáde, torí àwọn ará òkèèrè tó ń ta ilẹ̀, tí wọ́n á kó èrè lọ láìsan nǹkan kan. Olùrà ni wọ́n wá fi ṣe ẹ̀ṣọ́. Bí kò bá yọ owó tó yẹ kó yọ, òun ni IRS á bi. Ìdí nìyẹn tí ará olùrà kì í fi balẹ̀ àfi tó bá rí ìwé yìí.

Ìwé náà kò ju ojú ewé kan lọ. Orúkọ, nọ́ńbà Social Security (nọ́ńbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń dá ẹni mọ̀), àdírẹ́sì ilé ẹni, gbólóhùn pé n kì í ṣe àlejò lójú owó-orí, àti ìfọwọ́sí lábẹ́ ìjìyà ìbúra èké.

Síbẹ̀ mo ṣi í kọ. LLC mi, ìyẹn kọ́ḿpìnnì kékeré tí mo dá sílẹ̀, ló wà lórí ìwé ilé, èmi nìkan ni mo sì ni ín. Mo kọ orúkọ LLC, nọ́ńbà owó-orí rẹ̀, àti àpótí lẹ́tà rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin tó ń bójú tó closing wa, ìyẹn ìparí ọjà tí owó àti ìwé ilé ti ń pààrọ̀ ọwọ́, dá a padà. Ó ní LLC ẹlẹ́nì kan, tí kò bá ti yàn láti máa san owó-orí bíi kọ́ḿpìnnì ńlá, aṣọ lásán ni lójú IRS. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni wọ́n ń wò. Aṣọ kò lè búra. Mo tún òmíràn kọ lórúkọ ara mi.

Ibi tó ti dùn mí jù ni nọ́ńbà Social Security. Mo fẹ́ gbé e fún ẹni tí n kò rí rí, nígbà tí mo mọ̀ pé ó yẹ kí olùrà tọ́jú ìwé náà títí ọdún karùn-ún lẹ́yìn ọdún tí a ta ilé á fi parí. Nígbà tí mo ń fà sẹ́yìn ni obìnrin náà sọ pé kò di dandan kó dé ọwọ́ olùrà. Àwọn tó ń ṣe closing lè gbà á pa mọ́, kí àwọn fúnra wọn sì búra fún olùrà pé ó wà lọ́wọ́ àwọn. Láti 2008 ni òfin ti gba èyí. Ká ní n kò ṣàròyé, bóyá kì bá tí sọ ọ́.

Wọ́n ní kí nótárì tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kò béèrè ìyẹn. N kò bá wọn jiyàn.

Lọ́jọ́ closing, wọ́n san gbèsè báńkì, wọ́n yọ owó iṣẹ́ wọn, ìyókù sì wọ àkáǹtì mi pé pérépéré. Owó-orí orí èrè kò kúkú lọ ibì kan. Nígbà tó yá, èmi àti ẹ̀gbọ́n jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n ń bi mí ní rìsíìtì òrùlé tí mo ṣe, èmi sì ń tú àpótí.