Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ ojú-ewé àdìrẹ yẹn

Àbúrò bàbá mi obìnrin ní ṣọ́ọ̀bù àdìrẹ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí ní Òṣogbo. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Èmi ni mo ṣe ìkànnì fún wọn, èmi náà ni mo kọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà kankan ò gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, kò sẹ́lòmíì tí mo lè nàka sí.

Mo ṣí Google Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń fi han ẹni báwọn èèyàn ṣe ń rí ìkànnì ẹni, ọ̀fẹ́ ni, mo lọ síbi tí wọ́n ti máa ń to àwọn ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn tẹ̀ kí ojú-ewé ẹni tó jáde. Google ń gbé tiwa jáde lóòótọ́, àmọ́ ojú-ewé kẹrin èsì ni. Ta ló ń dé ibẹ̀? Àwọn díẹ̀ tó sì rí i, wọn ò tẹ̀ ẹ́. Mo wá wo ohun tí wọ́n ń wá gan-an: bí wọ́n ṣe ń fọ àdìrẹ, èló ni yáàdì márùn-ún, ṣé àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń ṣí. Àwọn kan fi Gẹ̀ẹ́sì bèèrè, àwọn kan fi Yorùbá. Kò sí ìkankan tí mo dáhùn nínú gbogbo rẹ̀.

Ohun tí mo kọ síwájú ìkànnì náà nìyí, ẹ má rẹ́rìn-ín: “Ilé-iṣẹ́ wa tó jẹ́ aṣáájú nínú pípèsè àkójọpọ̀ aṣọ ìbílẹ̀ olówó iyebíye tí a fi ọgbọ́n àtinúdá àti ìmọ̀ àjogúnbá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wà ní sẹpẹ́ láti tẹ́ gbogbo oníbàárà wa lọ́rùn jákèjádò àgbáyé.” Gbólóhùn kan ṣoṣo nìyẹn o. Kò sí àdìrẹ nínú rẹ̀, kò sí aró, kò sí Òṣogbo, ìlú aró fúnra rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá bo orúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, ẹ lè rò pé aṣọ òkè là ń tà, tàbí aṣọ egúngún.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tún un kọ, máàkì ni mo ń lé. Ìṣirò kan wà tí Rudolf Flesch, onímọ̀ nípa ìwé kíkọ, gbé jáde lọ́dún 1948. Ó máa ń ka iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú gbólóhùn àti iye sílébù tó wà nínú ọ̀rọ̀, á wá fún un ní máàkì, láti 0 títí dé 100 lọ́pọ̀ ìgbà. Bí máàkì bá ṣe ga tó ni ọ̀rọ̀ ṣe rọrùn láti kà tó. Mo da apá Gẹ̀ẹ́sì ìkànnì náà sínú rẹ̀, ó fún mi ní máàkì tó ń tini lójú. Ni mo bá fa ọ̀bẹ yọ. Mo gé gbogbo gbólóhùn sí wẹ́wẹ́ títí tó fi ń dún báyìí: Àdìrẹ dára. A ń tà á. Ó wà ní Òṣogbo. Wá rà á. Máàkì ròkè lálá, ọ̀rọ̀ wá dà bí ìwé àkàgbádùn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú-ewé kẹrin la ṣì wà.

Mo tún dán apá Yorùbá wò nínú ìṣirò kan náà, èyí tí kò bọ́gbọ́n mu rárá, torí Gẹ̀ẹ́sì ni Flesch ṣe é fún. Lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ líle ni “labalábá”, torí sílébù mẹ́rin ló ní. Ọmọ ọdún méjì ń sáré lé e káàkiri àgbàlá, ó sì ń pe orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni mo tó mọ̀ pé àwọn èèyàn Google fúnra wọn ti sọ pé àwọn kì í fi irú máàkì bẹ́ẹ̀ to èsì. Ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ nígbà tí wọ́n gbé àtúnṣe “helpful content” (ọ̀rọ̀ tó wúlò) jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni pé kí èèyàn kọ̀wé fún èèyàn, kí ẹni tó wá nǹkan rí nǹkan tó wá. Ojú mi wá là. Mo ti ń tún gígùn ọ̀rọ̀ ṣe láìtún ohun tí ọ̀rọ̀ ń sọ ṣe.

Lọ́jọ́ Sátidé kan mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Mọ́mì. Ìyẹ́ adìẹ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń fi í ya ẹ̀kọ sára aṣọ funfun. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kà. Mo ka gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn. Wọn ò gbójú sókè.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé o fẹ́ du ipò ni?”

Kí n tó wá èsì, ọmọbìnrin kan wọlé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní àdìrẹ yìí wu òun, àmọ́ ṣé kì í ṣí. Mọ́mì dá a lóhùn: “Kì í ṣí bó o bá mọ̀ ọ́n fọ̀. Omi tútù ni. Fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀. Ní fífọ̀ àkọ́kọ́, á tú aró díẹ̀, má fòyà. Má fi bílíìṣì kàn án láéláé. Abẹ́ òjìji ni kó o sá a sí.” Ọmọbìnrin náà sanwó.

Mo ti tẹ fóònù, mo ti gba ohùn wọn sílẹ̀. Ojú-ewé tí mo ń wá láti oṣù méjì nìyẹn!

Gbogbo ọ̀sán yẹn ni mo fi jókòó tì wọ́n. Gbogbo ìbéèrè tí ẹni tó wọlé bá béèrè ni mo ń kọ sílẹ̀ bó ṣe béèrè rẹ̀, ìdáhùn Mọ́mì ni mo sì ń fi sábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyẹn ló di àkọlé kéékèèké lójú-ewé. Ìdáhùn ló máa ń kọ́kọ́ wà lábẹ́ àkọlé, àlàyé wá tẹ̀ lé e. Gbólóhùn kan wà tí wọ́n sọ tó gùn dáadáa: “Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú ìkòkò aró, bí ewé ló máa ń rí, tí atẹ́gùn bá wá ń fẹ́ sí i, á máa dúdú lọ, tó o bá tún rì í, tó o tún yọ ọ́, á túbọ̀ jinlẹ̀ títí aró á fi mu ún bó o ṣe fẹ́.” Ẹ̀rọ fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀ pé ó ti gùn jù. Mi ò fọwọ́ kàn án. Bẹ́ ẹ bá kà á sókè, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa gbọ́ ọ.

Àwọ̀ ló kù. Mo ti fi búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kọ gbogbo ọ̀rọ̀, kó lè jọ aró. Ní oríta Ọláìyá, lábẹ́ oòrùn aago kan ọ̀sán, mi ò rí nǹkan kan lórí fóònù mi. WCAG, ìlànà tó wà kí ìkànnì lè rọrùn fún gbogbo èèyàn láti lò, ní kí ìyàtọ̀ àwọ̀ ọ̀rọ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, ó kéré tán. Tèmi ò sún mọ́ ọn. Mo sọ ọ̀rọ̀ di dúdú.

Àmì ohùn náà fẹ́ kó bá mi. Nígbà tí mo rí i pé àwọn tó ń wá nǹkan lórí Google kì í fi àmì sí i, mo yọ gbogbo àmì kúrò. Mọ́mì gba fóònù, wọ́n ń kà á lọ, wọ́n dúró. “Adire oniko. Oníkọ́ kẹ̀? Àdìrẹ wá ń wúkọ́ báyìí?” Ìko tá a fi ń di aṣọ ti di ikọ́. Mo dá àmì padà sára gbogbo ọ̀rọ̀ inú ojú-ewé, mo wá fi àkọlé tí Google máa ń gbé síta nìkan sílẹ̀ láìlámì, báwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo tún fi ọ̀rọ̀ kúkurú sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, mo sì ní kí Google wá tún ojú-ewé náà wò.

Kò yára. Ó tó oṣù kan àtààbọ̀ kí ojú-ewé fífọ̀ tó bọ́ sí ojú-ewé kejì èsì, ó wá yọ́ wọ àkọ́kọ́, nísàlẹ̀ pátápátá. Ojú-ewé ìtàn ilé wa ṣì wà níbi tó wà. Fọ́tò Mọ́mì ló pọ̀ níbẹ̀, wọn ò gbà kí n gé e kù.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan pè wọ́n láti Ìbàdàn. Mọ́mì ní kò bèèrè bóyá ó ń ṣí, iye tí wọ́n ń ta yáàdì márùn-ún ló ń bèèrè. Iye tó wà lójú-ewé ló kà sí wọn létí, owó àtijọ́ sì ni. Wọ́n tà á fún un ní iye yẹn, wọ́n wá pè mí kí n tètè wá yí i padà.