Bí Mo Ṣe Wọn Odò Wa Kí Awakùsà Tó Dé

Oṣù kìíní ni àwọn tó ń wá òkúta lítíọ́mù, èyí tí wọ́n fi ń ṣe bátìrì, dé abúlé wa ní Òkè-Ògùn. Ọyẹ́ ń fẹ́ nígbà náà, iyanrìn nìkan ló kù lójú odò. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kò sí odò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn, torí omi odò yẹn ni wọ́n fi wẹ̀ mí dàgbà. Mo bá pinnu pé màá wọ̀n ọ́n fún ọdún kan gbáko, kí àkọsílẹ̀ wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kòtò.

Abẹ́ iyanrìn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé bí ojú odò bá gbẹ, omi ṣì wà nísàlẹ̀. Mo bá wọn lọ ní ìdájí ọjọ́ kan. Ìyá àgbà kan ń fi igbá wa iyanrìn, ó ní, "Má kánjú, ọmọ mi, ó ń bọ̀." Nígbà tí ihò náà jìn tó sẹ̀ntímítà 55, omi sun. Láti ọjọ́ náà, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni mò ń gbẹ́ ibẹ̀ tí mo sì ń kọ bó ṣe jìn sílẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta, ó ti di 90. Bí kòtò awakùsà bá fa omi abẹ́ ilẹ̀ náà lọ, ibẹ̀ ni a ó ti kọ́kọ́ rí i.

Fún òjò, agolo tí ẹnu rẹ̀ àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba ni mo gbé síta gbangba, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n láràárọ̀. Mìlímítà 1 òjò lórí ilẹ̀ tó fẹ̀ ní mítà 1 níbùú, mítà 1 lóròó, lítà omi 1 ni.

Àgbàrá ló fún mi níṣòro. Àpáta ò jìnnà sí ojú ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa, omi kì í ráyè rì wọlẹ̀ púpọ̀. Tí òjò ńlá bá rọ̀ nírọ̀lẹ́, odò á dé àyà èèyàn, kí ilẹ̀ tó mọ́ á ti fà. Pákó tí mo fàmì sí tí mo rì mọ́ iyanrìn, àgbàrá oṣù kẹfà gbé e lọ. Mo wá gba páìpù kan, mo lu ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi ọ̀pá tí mo fi ẹfun kùn sínú rẹ̀, mo dé e lórí, mo sì so ó mọ́ igi ńlá kan létí odò. Ibi tí omi bá gòkè dé, á fọ ẹfun rẹ̀ kúrò. Mi ò ní láti dúró sínú òjò mọ́.

Ní oṣù kẹsàn-án, mo wọn ìṣàn rẹ̀. Mo wá ibi tí odò ti lọ tààrà, mo fi okùn ya mítà 10 sọ́tọ̀, mo wọn fífẹ̀ rẹ̀, mo sì wọn jíjìn rẹ̀ ní ìdajì mítà kọ̀ọ̀kan. Fífẹ̀ jẹ́ mítà 3.2, jíjìn jẹ́ 0.25 tí a bá pín in dọ́gba. Mo ju ọsàn sómi ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ọsàn dára fún un, torí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rì tán, atẹ́gùn ò lè tì í. Ìṣẹ́jú àáyá 20 ló ń gbà á láti la mítà 10 náà kọjá. Ojú omi máa ń yára ju ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà mo sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po 0.85. Ó já sí lítà 340 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó ju kẹ́ẹ̀gì lítà 25 mẹ́tàlá lọ. Odò tí wọ́n ní kò sí nìyẹn.

Mo tún ń bu omi sínú ìgò funfun, mo ń fi í sílẹ̀ mọ́jú, mo sì ń wọn ẹrẹ̀ tó bá silẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ká lè mọ̀ bí iṣẹ́ awakùsà bá sọ ọ́ di púpọ̀.

Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1992 ní kí wọ́n yẹ ohun tí irú iṣẹ́ báyìí lè ṣe fún àyíká wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Inú odò Òfìkì ni odò wa ń ṣàn sí, Òfìkì ń ṣàn sínú Ògùn, omi Ògùn sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń mu ní Abẹ́òkúta àti Èkó. Ìwé tí mo kọ gbogbo rẹ̀ sí, ọ̀kan wà lọ́dọ̀ baálẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Tí oṣù kìíní bá tún dé, ojú kan náà ni màá ti gbẹ́ iyanrìn.