Bí a ṣe ń fi pẹ́ńsù yẹ àbá Gilbreath wò

Ẹ to àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́, àwọn tó ju 1 lọ tí ohunkóhun kì í pín láìṣẹ́kù àfi 1 àti àwọn fúnra wọn, sórí ìlà kan. Ẹ kọ ìyàtọ̀ àárín méjì-méjì tó tẹ̀léra sísàlẹ̀, kí ẹ tún wá ìyàtọ̀ àwọn ìyàtọ̀ náà. Norman Gilbreath sọ ní 1958 pé 1 ni yóò máa ṣáájú ìlà ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan. François Proth, ará Faransé, ti sọ ọ́ ní 1878, àmọ́ ẹ̀rí tó mú wá ní àléébù. Kò tíì sẹ́ni tó rí èyí tó dúró.

Pẹ́ńsù ni kí ẹ lò, kì í ṣe báírò. Tí kò bá sí ìwé gíráàfù, ẹ yí ìwé aláàlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ìlà rẹ̀ dúró lóòró, kí ẹ fi nọ́ńbà kan sáàárín ìlà méjì.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 2, ẹ dúró ní 97. Ibí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. 51, 57, 87 àti 91 máa ń yọ́ wọlé. 91 jẹ́ 7 lọ́nà 13. Ẹ má rò pé 1 tó wà níwájú yóò tú àṣìṣe yín fó. Ẹ fi 9 há àárín 7 àti 11, ẹ ṣe é dé 17: 1 náà ni yóò ṣì máa ṣáájú. Nítorí náà, ẹ kà wọ́n kí wọ́n pé 25. Lẹ́yìn náà, ẹ ro ìlà ìyàtọ̀ àkọ́kọ́ pọ̀: tí kò bá jẹ́ 95, ẹ pa á rẹ́.

Kékeré ni ẹ ó máa yọ kúrò lára ńlá nígbà gbogbo:

2 3 5 7 11 13 17 19
1 2 2 4 2 4 2
1 0 2 2 2 2
1 2 0 0 0

Ẹni tó bá kọ àmì ìyọkúrò sílẹ̀ yóò bá −1 pàdé níwájú ìlà ìyàtọ̀ kẹta. Yàtọ̀ sí ti iwájú, 2 gbọ́dọ̀ pín gbogbo nọ́ńbà inú ìlà ìyàtọ̀. Tí ẹ bá rí 3, àṣìṣe ni. Àmọ́ tí ẹ bá kọ 4 dípò 2, kò ní hàn. Yóò máa sún sí apá òsì ní àyè kan-kan títí dé iwájú.

Ẹ kò nílò láti ṣe é tán. Nígbà tí ìlà bá di 1, tó sì ku òdo àti 2 nìkan lẹ́yìn rẹ̀, ẹ lè dúró: ìyàtọ̀ òdo àti 2 kò lè kọjá 2, ìyàtọ̀ 1 sí èyíkéyìí nínú wọn sì jẹ́ 1. Pẹ̀lú 25 yìí, 4 kan ṣoṣo ló kù ní àyè kẹẹ̀ẹ́dógún ìlà ìyàtọ̀ kẹta àti ìkẹrin, ìkarùn-ún mọ́. Ọ̀nà àbùjá yìí ni Andrew Odlyzko, onímọ̀ ìṣirò, fi kọ̀ǹpútà gbà dé 10¹³, tó gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1993.