Bí Ẹ Ṣe Lè Yan Ọ̀nà Ìfètòsọ́mọbíbí Tí Ó Bá Yín Lára Mu

Ní ìsọ̀ tí ìyàwó àbúrò mi ti ń ta àdìrẹ ní ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, bí obìnrin mẹ́ta bá ti jókòó pọ̀, kì í pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìfètòsọ́mọbíbí yóò fi wọlé. Ọ̀kan á ní abẹ́rẹ́ ni ó mú òun sanra, èkejì á ní láti ìgbà tí wọ́n ti fi lúùpù, ohun kékeré tí wọ́n ń fi sínú ilé-ọmọ, sí òun lára, òun kò tilẹ̀ rántí pé ó wà níbẹ̀ mọ́, ẹ̀kẹta á sì búra pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá máa ń rìn lọ bá ọkàn. Mo gbà pé olúkúlùkù ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí tàbí ohun tí etí rẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n ara Lágbájá kì í ṣe ara Tàmẹ̀dù. Ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín ni àwọn ìbéèrè tí ó yẹ kí obìnrin ti bi ara rẹ̀ kí ó tó jókòó níwájú nọ́ọ̀sì.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé nígbà wo ni ẹ tún fẹ́ lóyún, tàbí pé ṣé ẹ ṣì fẹ́ bí òmíràn rárá. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ó jẹ́ kí ó tó oṣù 24 kí ó tó tún gbìyànjú oyún mìíràn. Bí ẹ bá mọ̀ pé ìsinmi ráńpẹ́ ni ẹ fẹ́, èmi kò ní gbà yín níyànjú láti gba abẹ́rẹ́ olóṣù mẹ́ta, nítorí pé bí ẹ tilẹ̀ dá a dúró, ó máa ń pẹ́ kí oyún tó dé. Ó lè tó nǹkan bí oṣù 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn. Kì í ṣe pé ó ba ilé-ọmọ jẹ́, pípẹ́ ni ó ń pẹ́. Ti oògùn oníhóró tí a ń gbé mì, ti apá àti ti lúùpù kò rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá ti dá a dúró tàbí tí wọ́n bá ti yọ ọ́, oyún lè dé láìpẹ́ rárá. Ti apá máa ń lo ọdún 3 tàbí 5, lúùpù tí a fi bàbà ṣe sì lè ṣiṣẹ́ tó ọdún 10. Ẹni tí ó ti bímọ tó, tí ọ̀rọ̀ náà sì dá a lójú, lè bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ tí a fi ń dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé títún un ṣe padà ṣòro púpọ̀. Ọkọ náà lè ṣe tirẹ̀, kí wọ́n gé ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà. Iṣẹ́ abẹ kékeré ni, kò sì dín agbára ọkùnrin kù, àfi pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa lo ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀ fún oṣù 3 àkọ́kọ́. Ó máa ń dùn mí pé àwọn ọkọ wa kì í fẹ́ gbọ́ èyí sétí.

Ìkejì ni ìlera yín, kò sì yẹ kí ẹ fi ohunkóhun pamọ́ níbi èyí. Ọ̀pọ̀ oògùn oníhóró ni ó ní èròjà méjì nínú, estrogen àti progestin, estrogen yìí ni ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí lẹ́sẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rí, ẹni tí ó ti lé ní ọdún 35 tí ó sì ń mu sìgá, àti ẹni tí ojú rẹ̀ máa ń rí ìmọ́lẹ̀ tí ń kọ mànà kí ẹ̀fọ́rí túúlu tó bẹ̀rẹ̀, kò gbọdọ̀ lò ó. Ìyá tí ó ń fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 lọ́yàn náà, oníhóró tí progestin nìkan wà nínú rẹ̀ ni ó yẹ ẹ́. Ẹni tí ó ń lo rifampicin fún ikọ́ ife, tàbí tí ó ń lo àwọn oògùn wárápá kan, ní láti sọ ọ́, nítorí pé wọ́n lè dín agbára oníhóró àti ti apá kù. Bí ijù (fibroid) bá ti yí ilé-ọmọ padà kúrò ní bí ó ṣe yẹ kí ó rí, lúùpù kò ní rí ibi jókòó sí dáadáa. Ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sì lè gba abẹ́rẹ́ láìsí ìbẹ̀rù.

Èyí tí ó jẹ mí lógún jù ni nǹkan oṣù, nítorí pé òun ni wọn kì í sábà là yé wa, òun náà sì ni ó ń lé ọ̀pọ̀ obìnrin kúrò nínú ètò. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, mo gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú yìí, kò sì sí ẹni tí ó sọ ohunkóhun fún mi ju ọjọ́ tí n óò padà lọ. Nígbà tí nǹkan oṣù mi kò wá mọ́, mo ṣe àyẹ̀wò oyún lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ọkọ mi ní ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbá jọ sí mi nínú, ó sì se àgbo kíkorò kan fún mi tí mo mu fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan ní ibòmíràn ni ó wá là á yé mi. Ó ní lóṣooṣù ni ilé-ọmọ ń tẹ́ ẹní de àlejò, bí àlejò kò bá wá, á ká ẹní náà, á sì dà á nù. Ohun tí a ń rí nìyẹn. Abẹ́rẹ́ kì í jẹ́ kí ó tẹ́ ẹní náà rárá, bí a kò bá sì tẹ́ ẹní, kí ni a óò ká? Ọkàn mi balẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí pé ọ̀rọ̀ tí kò tó ìṣẹ́jú 2 ni ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ níṣàájú.

Nítorí náà, ẹ bi ara yín pé èwo ni ẹ lè fara dà nínú kí ó pọ̀ sí i, kí ó máa já ségesège, tàbí kí ó dáwọ́ dúró. Lúùpù onírin bàbà máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, kí inú sì máa run, pàápàá ní àwọn oṣù àkọ́kọ́, nítorí náà ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń pọ̀ tẹ́lẹ̀ débi pé òòyì ń kọ́ ọ kò yẹ kí ó kọ́kọ́ ronú kàn án. Ti apá lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa kán díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹnìkan kò retí rẹ̀. Ẹni tí ó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, tàbí tí ìjọ rẹ̀ kì í gba obìnrin wọlé ní àkókò nǹkan oṣù, ní láti fi èyí sọ́kàn dáadáa, kí ó sì sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì láìtijú.

Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń lo ọjọ́ yín. Oògùn oníhóró fẹ́ kí a lò ó lójoojúmọ́ ní wákàtí kan náà, èyí kò sì rọrùn fún ẹni tí ó ń jí lọ sí Èkó ní ìdájí láti lọ ra ọjà. Nínú 100 obìnrin tí ó bá lò ó fún ọdún kan bí ènìyàn ṣe ń lò ó gan-an, pẹ̀lú ìgbàgbé rẹ̀, nǹkan bí 7 ni yóò lóyún. Ti abẹ́rẹ́ jẹ́ nǹkan bí 4, ti kọ́ńdọ̀ọ̀mù nǹkan bí 13, ti dída àtọ̀ síta nǹkan bí 20, ṣùgbọ́n ti apá àti ti lúùpù kò pé 1, nítorí pé kò sí ohun tí ènìyàn yóò gbàgbé níbẹ̀. Irú abẹ́rẹ́ kan wà nísinsìnyí tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrú, tí wọ́n lè kọ́ yín bí ẹ óò ṣe máa gún un fúnra yín nílé. Kọ́ńdọ̀ọ̀mù nìkan ni ó ń dáàbò bò yín lọ́wọ́ HIV àti àtọ̀sí. Bí ìyẹn bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ lò ó pọ̀ mọ́ ohun tí ẹ bá yàn.

Ní ti pé ti apá ń rìn lọ bá ọkàn, ìyàwó àbúrò mi ká apá bùbá rẹ̀ sókè níwájú gbogbo wa, aró ṣì wà ní èékánná rẹ̀, ó sì fa ìka mi lọ síbẹ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ni mo fọwọ́ kàn lábẹ́ awọ, wọn kò gùn ju igi ìṣáná lọ, ibi tí wọ́n fi wọ́n sí ní ọdún 2 sẹ́yìn náà ni wọ́n wà.

Omi iyọ̀, káún, oògùn apakòkòrò àrùn àti òrùka ìbílẹ̀ kì í dènà oyún. Fífún ọmọ lọ́yàn lè dènà rẹ̀, bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù 6, tí ọyàn nìkan ni ó ń mu tọ̀sán-tòru, tí nǹkan oṣù kò sì tíì padà. Bí ọ̀kan bá ti yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti tán. Bí kọ́ńdọ̀ọ̀mù bá bẹ́, oògùn pàjáwìrì wà ní ilé ìtajà oògùn, kí ẹ sì lò ó kí wákàtí 72 tó pé. Bí ó bá ṣe yá tó ni ó ṣe dára tó.

Ẹ lè lọ sí Ilé Ìwòsàn Ìjọba Ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè, sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, tàbí sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tí ó wà ní àdúgbò yín. Láti ọdún 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí a máa fúnni ní àwọn ohun èlò ìfètòsọ́mọbíbí lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, ṣùgbọ́n wọ́n lè gba owó ìbọ̀wọ́ àti òwú, nítorí náà ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Bí ohun tí ẹ yàn kò bá bá yín lára mu lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti padà lọ yàn òmíràn, kò sì sí ẹni tí ó yẹ kí ó jágbe mọ́ yín nítorí rẹ̀. Bí inú bá ń run yín gan-an tí ara sì gbóná lẹ́yìn tí wọ́n fi lúùpù sí yín lára, tàbí tí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ó sì ń dùn yín nígbà tí ẹ ń lo oníhóró, ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín.

Kí ẹ rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ náà sí káàdì, pẹ̀lú ọjọ́ tí iṣẹ́ ohun tí wọ́n fi sí yín lára yóò parí. Ìyàwó àbúrò mi lẹ tirẹ̀ mọ́ inú ìdérí àpótí tí ó ń kó owó sí ní ìsọ̀, níbi tí ojú rẹ̀ ti ń bá a pàdé nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́ fún oníbàárà ní ṣéńjì.