Ẹ̀wà Inú Kẹ́ẹ̀gì: Ẹ Yé Ṣí I Wò

Ẹni tó bá ń ka ìwé yìí ti mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ẹ̀wà, tí wọ́n sì ń ṣà á. A kò ní fi ìyẹn gba ọjọ́ lọ́wọ́ yín. Ohun tó mú wa kọ ọ́ ni ẹ̀wà tó bàjẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì lẹ́yìn tí a ti kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe lè fi í pamọ́ láìlo oògùn. Kẹ́ẹ̀gì kọ́ ló jẹ̀bi. Ọwọ́ tó ń ṣí i ni.

Ilé kan tí a padà wọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìyá ilé gbé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 jáde, wọ́n ní, "Ẹ wá wo iṣẹ́ yín." Wọ́n lọ́ ọmọrí, wọ́n da díẹ̀ sórí àtẹ. Ìyẹ̀fun ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, kòkòrò tẹ̀lé e, wọ́n ń sáré kiri lórí àtẹ. Ẹyọ ẹ̀wà kan, ihò méjì, ihò mẹ́ta. A bi wọ́n léèrè ìgbà mélòó tí wọ́n ti ṣí i. "Ṣebí ọjọ́ Sátidé nìkan ni mo máa ń bù ú, kọ́ńgò kan péré." Sátidé méjìlá!

Láti oko ni kòkòrò yìí ti ń bá ẹ̀wà bọ̀ wálé. Ẹyin rẹ̀ ni ẹ máa ń rí lára èèpo bí ẹ̀kán ẹfun kékeré. Bí kẹ́ẹ̀gì bá dé pa, wọn á mí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, wọn ò ní lè jẹun, wọn ò ní lè yé, wọn á gbẹ kú. Ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ẹ ti fún wọn ní afẹ́fẹ́ tuntun nìyẹn.

Nítorí náà, ọjọ́ tí ẹ bá ti dé e, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kì í ṣe "mo kàn yọjú wò ó ni". Ẹ fi máàkà kọ ọjọ́ tí ẹ dé e àti ọjọ́ tí ẹ ó ṣí i sára kẹ́ẹ̀gì. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, torí bàbá ilé àti àwọn ọmọ náà mọ ọ̀nà ilé ìdáná.

Kí lẹ ó wá máa jẹ? Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ṣe nìyí. Ká ní ilé yín ń se kọ́ńgò kan lọ́sẹ̀, ẹ sì ra ìdajì àpò, kílò 50, nígbà tí ẹ̀wà tuntun pọ̀ lọ́jà ní oṣù Kejìlá. Kọ́ńgò kan tó kílò kan àbọ̀ (ọjà kọ̀ọ̀kan ló mọ bó ṣe ń tẹ ìdí kọ́ńgò tirẹ̀). Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tó pé, ẹ ó jẹ kílò 12. Ẹ yọ ìyẹn sọ́tọ̀, kó má dé inú kẹ́ẹ̀gì rárá, kí ẹ sì máa sá a lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 5 mẹ́rin á gba kílò 16, onílítà 25 kan á gba 20. Kílò méjì tó ṣẹ́ kù, ẹ fi ṣe mọ́ínmọ́ín fún àwọn tó bá yín ṣiṣẹ́.

Àwọn kékeré ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá ti ṣí, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má dé e padà kí ẹ wá máa retí iṣẹ́ ìyanu. Onílítà 25 ló gbẹ̀yìn: ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i, ẹ pín in sínú àwọn kékeré tó ti ṣófo lọ́jọ́ náà gan-an, kí èyí tí kò bá gbà máa lọ sínú ìkòkò. Ẹ̀wà oṣù Kejìlá á gbé yín dé oṣù Keje, nígbà tí owó kọ́ńgò ti gòkè.

Sísá rẹ̀ nìyí: ẹ tẹ́ ẹní, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú lé e, ẹ da ẹ̀wà sí i kó má nípọn ju oríkèé ìka kan lọ, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bò ó, ẹ fi òkúta tẹ etí rẹ̀ yíká. Wákàtí méjì, láti aago 12 sí aago 2. Ọjọ́ tí ọyẹ́ bá bo oòrùn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kí ẹ tó rọ ọ́ sí kẹ́ẹ̀gì. Ẹ̀wà gbígbóná á làágùn níbẹ̀, á sì bu.

Bí kò bá dá yín lójú pé ó gbẹ, ẹ da ẹ̀wà sínú ìgò gbígbẹ dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fi ṣíbí iyọ̀ kékeré mẹ́ta sí i. Iyọ̀ náà gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ yan án díẹ̀ nínú páànù, kó tutù. Ẹ mi ìgò náà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, ẹ padà sínú oòrùn.

Kẹ́ẹ̀gì epo pupa tàbí òróró dára, bí ẹ bá fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, tí ẹ sì sá a fún odidi ọjọ́ kan. Èyí tó gbé pẹtiróòlù, kẹrosíìnì tàbí oògùn oko rí, kò sí ọṣẹ tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Kí ẹ tó rọ ẹ̀wà sí i, ẹ dé e lófìfo, ẹ tì í bọ inú omi, ẹ fún un mọ́ra. Bí omi bá ń hó lẹ́nu ọmọrí, ó ń jò: ẹ fi ọ̀rá ìlọ́po méjì bo ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó lọ́ ọmọrí, ẹ tún un wò. Ẹ rọ ẹ̀wà kún dé ọrùn, ẹ máa gbá ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè kì. Kẹ́ẹ̀gì àbọ̀, afẹ́fẹ́ ló gba àbọ̀ tó kù.

Àwọn kan á ní ota-pia-pia yá jù. Dichlorvos ló wà nínú rẹ̀, oògùn tí ń pa èèyàn ni. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti fòfin de títa ìgò kékeré rẹ̀, mìlílítà 100, lọ́jà gbangba. Ẹni tó ń wọ́n ọn sí ẹ̀wà, tó ní òun á fọ̀ ọ́ kúrò, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń fi dán an wò.

Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì lé orí pákó, kó jìnnà sí ògiri. Èyí tí eku bá ti họ létí, bí kò tilẹ̀ tíì lu, ẹ máa fi pọn omi.