Ẹ Má Jẹ́ Kí Ọkọ̀ Yín Di Ọkọ

Ní ojú ìwé 43 prúùfù (ẹ̀dà àyẹ̀wò kí wọ́n tó tẹ̀wé gan-an) ìwé mi àkọ́kọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Ẹ̀pẹ́ “á dojú ọkọ délẹ̀, wọ́n á fi òwú di ihò ìdí rẹ̀, wọ́n á wá tì í sómi.” Ọkọ̀ ni mo kọ! Fọ́ǹtì ilé ìtẹ̀wé ló gbé àmì ohùn mì. Bàbá àwọn ọmọ mi kà á, ó ní, “Kí ni mo ṣe?”

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ àpilẹ̀kọ oyè Ọ̀mọ̀wé yín di ìwé, àwọn olùdánwò la kọ àpilẹ̀kọ fún, kí wọ́n lè gbà pé a kàwé. Orí kejì tèmi, níbi tí mo ti ń to ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ tó ṣáájú mi jọ, jẹ́ ojú ìwé 80. 6 péré ni mo jẹ́ kó kù. Ó dùn mí bí ìgbà téèyàn pa àgbò tó fọwọ́ ara rẹ̀ sìn.

Ẹ má tíì fi odidi ìwé ránṣẹ́. Àbá ni olótùú ilé ìtẹ̀wé kọ́kọ́ fẹ́ rí: kí ni ìwé dá lé, ta ni yóò rà á, kí ló fi yàtọ̀ sí èyí tó ti wà lọ́jà, pẹ̀lú orí kan tó ti parí. Tó bá wù ú, á gbé e fún onímọ̀ bíi méjì láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fèsì sí ìbéèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tẹ́ ẹ ò ní ṣe, ẹ fọ̀wọ̀ sọ ìdí. Ilé ìtẹ̀wé tó bá gbowó yín láì gbé ìwé fún ẹnikẹ́ni yẹ̀ wò, ìtẹ̀wé lásán ló ń ṣe.

Nínú àdéhùn, ẹ wo ẹni tó ni ẹ̀tọ́ ìwé, iye tó kàn yín lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí yóò san owó àwòrán. Ọ̀dọ̀ National Library, ilé ìkówèésí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà, ni wọ́n ti ń gba ISBN, nọ́ńbà tá a fi ń dá ìwé mọ̀. Òfin sì ní kí ilé ìtẹ̀wé kó ẹ̀dà mẹ́ta lọ síbẹ̀ láàárín oṣù kan tí ìwé bá jáde. Owó tiwọn ni, kì í ṣe tiyín.

Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ fi ojú ìwé kan tí ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ ránṣẹ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà padà fún yín. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ń ka prúùfù sókè, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi rúlà tẹ̀ lé ohun tí mo kọ, tó ń pariwo “Ọkọ̀, àǹtí!” Àyè ọjà ẹja Olúwo ò yọ, ẹyin la fi jẹun.

Atọ́ka, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ inú ìwé àti ojú ìwé tí wọ́n wà, ló kẹ́yìn, nígbà tí nọ́ńbà ojú ìwé ò ní yẹ̀ mọ́. Ẹ ṣe é fúnra yín. Nínú tèmi, ọkọ̀ gba ìlà mẹ́tàdínlógún. Ọkọ gba ẹyọ kan: ojú ìwé ọpẹ́.