Bí A Ṣe Ń Lọ Kí Àwọn Ará Ilé ní Òpin Ọ̀sẹ̀, láti Èkó sí Ọ̀yọ́

Ọjọ́ méjì péré ni òpin ọ̀sẹ̀, bí ènìyàn kò bá sì ṣètò rẹ̀, ojú ọ̀nà ni yóò jẹ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń gba ẹni tó ń ti Èkó lọ sí Ọ̀yọ́ nímọ̀ràn pé kí ó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti 2021. Alágoméjì ni a ti ń wọ̀ ọ́, Mọ́níyà ni a ti ń sọ̀ kalẹ̀, ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ gan-an ni Mọ́níyà sì wà, nítorí náà kò sí ohun tí yóò gbé yín wọ àárín Ìbàdàn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ọjọ́ Ẹtì tó dé. Bí ó bá jẹ́ mọ́tò ni ẹ fẹ́ wọ̀, ẹ yẹra fún ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, nítorí èrò tó ń lọ sí ìsìn òru Ìjọ Ìràpadà máa ń dí márosẹ̀.

Báàgì kan ti tó fún aṣọ. Mọ́níyà ni kí ẹ ti ra búrẹ́dì, kì í ṣe Èkó, kí ó má baà rún mọ́ abẹ́ ẹrù. Bí owó kò bá tó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń tà ní Fìdítì dára púpọ̀, àwọn àgbà sì fẹ́ràn rẹ̀ nítorí kò le lẹ́nu. Ẹ ṣẹ́ owó sí ₦200 àti ₦500 kí ẹ tó kúrò ní Èkó, kí ẹ sì fi í sínú àpò ìwé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó dé ọ̀dọ̀ oní-POS yóò san owó iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ owó tí kò ṣeé pín ni yóò rí gbà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba ìrìn àjò yìí jẹ́ ni kíkí agbo ilé. Àwọn kan á jẹun, wọn á sùn, ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kí wọ́n tó máa yọjú lẹ́nu ọ̀nà kiri bí ẹni tí wọ́n ń lé. Àwọn mìíràn á yára jáde, ṣùgbọ́n wọn kò ní béèrè ohunkóhun kí wọ́n tó jáde, èyí sì burú jù. Mo ti rí ẹni tó wọ yàrá ìyá àgbà kan, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ní, “Bàbá ńkọ́?”, nígbà tí bàbá ti wà nínú ilẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan. Aṣọ opó wà lára ìyá, kò sì fura. Àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà nítòsí dá ọwọ́ dúró, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti sọ pé, “Ẹ kú ilé o,” tí ẹ sì ti kí àwọn òbí yín lórí ìkúnlẹ̀ tàbí ìdọ̀bálẹ̀, ẹ mu omi, kí ẹ jókòó ti ìyá yín. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣe òkú, ẹni tó ń ṣàìsàn, àti àwọn tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Olúkúlùkù ló ní ìkíni tirẹ̀: ẹni tó bímọ ń retí “Ẹ kú ewu ọmọ”, ẹni tó sin òbí rẹ̀ tó dàgbà ń retí “Ẹ kú àṣẹ̀yìndè”, bí ẹ bá sì ṣi í sọ, ẹ ó ti lọ tán kí wọ́n tó dẹ́kun ríròyìn rẹ̀.

Ẹ fi fóònù sílẹ̀ nílé. Ọ̀dọ̀ baálé ni kí ẹ kọ́kọ́ yà, ní òwúrọ̀ Sátidé kí wọ́n tó jáde. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀lé ọjọ́ orí, kì í ṣe bí ẹ ṣe fẹ́ràn ẹnì kọ̀ọ̀kan tó. Ẹ má ṣe fo àwọn ìyàwó ilé, nítorí àwọn ni wọ́n ń pọn omi fún àwọn òbí yín nígbà tí ẹ kò sí nílé. Ní ti búrẹ́dì, ẹ má ṣe pín in fúnra yín láéláé: ẹ kó gbogbo rẹ̀ fún ìyálé ilé, ẹni tó mọ iye ọmọ tó wà ní ojúlé kọ̀ọ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bá ṣe àròyé.

Ọ̀sán Sátidé jẹ́ ti àwọn òbí yín nìkan. Ẹ yẹ oògùn tí wọ́n ń lò wò, kí ẹ ka iye tó kù.

Ẹ kúrò ní Ọ̀yọ́ kí oòrùn ọjọ́ Àìkú tó mú, kí ẹ má sì kọ ohunkóhun tí ìyá bá dì fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ tètè bi wọ́n bóyá èlùbọ́ wà nínú rẹ̀, kí ẹ lè ráyè sá a sí oòrùn ní Sátidé, nítorí èlùbọ́ tí kò gbẹ dáadáa máa ń bu nínú ọ̀rá.